Ta Ló Ń Tọ́ Ta Wò?

Ìyá onígàrí ọjà Ẹgbẹ́dá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́wò. Bí mo bá ti dúró nídìí igbá rẹ̀, á bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́: "Tọ́ ọ wò." Ó kan o, kò kan o, mo sanwó tàbí kí n kọjá. Kò tíì bi mí rí bóyá mo fọ eyín kí n tó tọ́ gàrí òun wò.

Ẹ wá wo èmi tí mo mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ dùùrù fún ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ká fi mọ̀ bóyá olùkọ́ náà bá wa lára mu. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń kọ́ mi níwà. Kí n gé èékánná ọmọ. Kí n má ṣe dá sí ẹ̀kọ́. Kí n má sọ pé ọmọ ti mọ dùùrù tẹ̀ díẹ̀, gbogbo bàbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí n fowó sínú ẹ́ńfílóòpù. Ẹ́ńfílóòpù! Èmi tí mo ń fi tiránsífà ra búrẹ́dì.

A gbọ́ràn. Agogo mẹ́wàá la fẹnu kò sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Akówonjọ kò ní bi mí ìdí tá a fi kúrò nílé láago mẹ́jọ. Ẹnu géètì la wà títí aago fi lé ní mọ́kànlá. Ọ̀gá olùkọ́ dùùrù wá yọ, pákò lẹ́nu, kò ní "ẹ má bínú." Ó gbé ìka ọmọ wò, ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ gé e jù."

Ọmọ jókòó. Kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun tí ìtàn fi bẹ̀rẹ̀: pé ọdún 1914 ni Ẹkúndayọ̀ Phillips di onídùùrù àgbà Kàtídírà Kírísítì ní Marina, pé ó di 1962 kó tó fi í sílẹ̀, pé abẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti dàgbà nínú orin kó tó rékọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni, ó sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ọdún 48 nìyẹn, ọ̀gá. Ìṣẹ́jú 45 ni mo sanwó rẹ̀.

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ní Ìgàǹdò. Ìgbà tí ọmọ fi máa na ìka sí "dò", NÉPÀ mú iná lọ. Ọ̀gá ní ẹ̀kọ́ parí, pé ọmọ mi létí orin gan-an. Etí wo? Ìtàn nìkan ló fi gbọ́! Mo ya ẹnu láti béèrè iye tí sáà kan jẹ́, ó wò mí bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀.

Lọ́nà ilé, Tóbi ní, "Dádì, mo fẹ́ràn wọn. Wọn ò ní kí n ṣe nǹkan kan."

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ń lọ sọ́dọ̀ òmíràn ní Ìdímù. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi sọ fún un pé èmi náà ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò ni.