Wọ́n Ní Kí Ìgbín Má Sáré Jù

Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ kí n tó kọ èyí. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n dá wa dúró lójú ọ̀nà Ìlọrin, wọ́n ní ọkọ̀ wa kò ní límítà. Límítà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ kó má baà sáré kọjá bó ṣe yẹ! Ọkọ̀ tí wọ́n ní kó mú tirẹ̀ wá sì nìyí: ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 tó ti gbé yanrìn ní Ìkòròdú títí ara fi kọ̀ ọ́, tí àbúrò mi wá tà fún Alhaji kan tó ń ṣòwò àgbàdo ní Mokwa. À ń gbé e lọ fún olówó rẹ̀ ni. Kó tó di pé wọ́n dá wa dúró, ọlọ́kadà kan tó gbé ìyàwó rẹ̀ àti ewúrẹ́ méjì sẹ́yìn ti fi wá sílẹ̀ lórí òkè. Ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ náà bojú wẹ̀yìn, ó sì wò wá tàánú-tàánú.

Fún ẹ̀yin ọmọ àná tí ẹ ò mọ 911, inú orúkọ rẹ̀ ni àwọn Jámánì tó ṣe é kó gbogbo agbára rẹ̀ sí. 9 yẹn ni tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè wúwo dé. 11 ni agbára ẹṣin 110. Àmọ́ ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Jámánì ni ẹṣin ọ̀hún pé 110. Látìgbà náà, òmíràn ti kú, òmíràn ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó kù sì ń retí owó ìfẹ̀yìntì tí wọn ò ní rí gbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa dúró wọ aṣọ ìjọba. Mi ò ní sọ irú aṣọ tó jẹ́, aṣọ ti pọ̀ lójú ọ̀nà wa ju igi lọ.

"Bàbá, límítà yín dà?"

Bàbá awakọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Ó ń dín eré ọkọ̀ kù."

Bàbá wo èmi, ó wo ọ̀gá, ó wá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń yọ èéfín. "Ọ̀gá mi, ta ló ba ọkọ̀ yìí jẹ́ lọ́dọ̀ yín pé ó ní eré?"

Gbogbo bí èyí ṣe ń lọ, ọmọ ọkọ̀ wà lẹ́yìn, ó ti ki igi bọ abẹ́ táyà. Igi yẹn ni bíréèkì ọwọ́ wa. Bí a bá fẹ́ dúró lórí òkè, ọmọ náà á ti bẹ́ sílẹ̀ tigitigi, á fi dí táyà ẹ̀yìn. Bí a bá tún fẹ́ máa lọ, á fa igi yọ, á fẹsẹ̀ rìn bá ọkọ̀, á sì gùn ún wẹ́rẹ́. Kì í sáré. Kò tíì sí ìdí tó fi yẹ kó sáré. Ọ̀gá aláṣọ fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ yìí pẹ̀lú igi rẹ̀, kò sì mẹ́nu kan bíréèkì rárá. Bíréèkì kò sí nínú ohun tí wọ́n rán an níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Límítà ni wọ́n rán an.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bá òfin jà. Láti 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ó di dandan kí ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ akẹ́rù ní límítà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti wọ bọ́ọ̀sì tí awakọ̀ rẹ̀ ń tẹ iná bí ẹni tí wọ́n ń lé lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò ní bèèrè ìdí. Òfin ní kí tírélà má kọjá 60 kìlómítà ní wákàtí kan lórí márosẹ̀. Ó dáa. Bí ọkọ̀ bá dé ibi tí wọ́n fi àlà sí, límítà á dín epo tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì kù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún límítà tiwa pé a ti dé 60? Ọwọ́ aago tó ń ka eré lórí òdo ló wà látìgbà tí a ti kúrò ní Ìkòròdú. Lójú aago yẹn, a ò tíì gbéra. Pọ́ńpù dísù 911 sì ti ní ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣe àṣejù nínú ara rẹ̀. Jámánì ló dè é sí i, kí wọ́n tó bí ọ̀gá aláṣọ.

Alhaji pè láti Mokwa, ó ní kí ló dá wa dúró. Mo ní wọ́n mú wa nítorí eré. Inú rẹ̀ dùn dé ọ̀run. Ó ní, "Alhamdulillahi! Àbúrò yín ò purọ́ fún mi, ọkọ̀ náà dáa!"

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Ọ̀gá ní kí a má ṣèyọnu, ẹnìkan wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún tó lè bá wa de límítà lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́ ni ẹnìkan wà lábẹ́ igi. Ó yọ àpótí dúdú kékeré kan nínú báàgì, ó fi wáyà so ó mọ́ iwájú awakọ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gba owó, ó fún wa ní ìwé. Mo tọ wáyà àpótí náà títí dé ìdí. Kò lọ síbì kankan. Abẹ́ páànù ló parí sí, wọ́n ká a roboto. Kó tó di pé a dé Ìlọrin, bàbá awakọ̀ ti fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí límítà ń ṣe fún wa di òní nìyẹn.

Kì í ṣe pé a ò ní ìwé o. Ìwé ọkọ̀ wà, ìwé ìyíorúkọ wà, ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà náà wà, Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe rí ìyẹn gbà. Paná-paná wà, ó ṣófo, ṣùgbọ́n ó pupa. Àwọn kan tó fi pákó ìṣó dí ọ̀nà ti gba owó ẹrù lọ́wọ́ wa. Mo ní ọkọ̀ òfìfo ni. Wọ́n ní ṣé kò ní gbé ẹrù bó bá dé ibi tó ń lọ ni? Fèrèsé ọ̀dọ̀ mi kò ní gíláàsì, páálí ni wọ́n fi dí i. Ẹ̀yin náà rántí wàhálà ìwé àṣẹ gíláàsì dúdú tí wọ́n ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú ní 2025 títí ọ̀rọ̀ fi dé kóòtù. Ọkàn mi kò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, nítorí kò sí gíláàsì tó dúdú tó páálí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo máa ń sọ. Ẹni tó bá ti sú kó fò ó. Láti 1912 ni reluwé tó kúrò ní Èkó ti ń dé Kánò, Mokwa sì wà lójú irin náà. Ká ní nǹkan dúró bó ṣe wà ni, orí reluwé là bá gbé 911 yìí sí, bàbá awakọ̀ á sì sùn dé Mokwa. Reluwé tuntun dé Ìbàdàn ní 2021, ó jókòó síbẹ̀, ó ń ronú. Ìbàdàn yìí kan náà ni Leyland ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù nígbà kan. Steyr ń to tirẹ̀ ní Bauchi, ANAMMCO ń to Mercedes ní Emene l'Énúgu. Lónìí, bí oníṣòwò àgbàdo bá fẹ́ ọkọ̀, tòkunbọ̀ ni, tàbí kó ra èyí tí yanrìn Ìkòròdú ti jẹ tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ wàyí. Ibi tí wọ́n ti dá wa dúró gan-an, tírélà kan gbé kọ̀nténà kọjá, wọn ò fi nǹkan kan kọ́ ọ mọ́lẹ̀, ó ń mì. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Irú kọ̀nténà bẹ́ẹ̀ ló já lulẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba ní 2015 tó pa èèyàn. Ní 2023, ní Ojúẹlẹ́gba yẹn náà, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́sàn-án bá a lọ. Lẹ́yìn tírélà ọjọ́ náà ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ọlọ́lá kan dé, tí fèrè ń ké, wọ́n lé gbogbo ayé wọ igbó. Ọ̀gá aláṣọ nà ró ṣánṣán, ó kí wọn. Límítà tiwọn dà? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀mí èèyàn lẹ ń dáàbò bò. Irọ́ ni. Ẹni tí kò lè sá fún yín lẹ ń mú, ẹni tó ń sáré pa èèyàn lẹ ń kí.

Àwọn aṣòfin wa ra jíìpù ní 2023, ìwé ìròyìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí mílíọ̀nù 160 náírà. Wọ́n ní ọ̀nà wa kò dára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò jíìpù. Mo gbà. Mo ti gba Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá nínú 911, ọ̀nà tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́ tí kò tán, mo mọ ohun tí ìdí mi rí. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó tún ọ̀nà ṣe? Àbí Alhaji oníàgbàdo ni?

Mo ti ń ronú tipẹ́ lórí ibi tí àwọn èèyàn ojú ọ̀nà yìí ti kọ́ṣẹ́, mo sì fura pé ọ̀dọ̀ àwọn alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó ni. Owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìṣíjú ìyàwó, owó ọmọ ilé. Wọ́n á ní kí ọmọkùnrin tún dọ̀bálẹ̀, pé ti àkọ́kọ́ àyà rẹ̀ ò kanlẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń gbéyàwó ní Ìjẹ̀bú ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹbí ọkọ ni wọ́n sì kà mí mọ́. Mo ti lọ ṣẹ́ owó sí igba náírà, igba náírà. Kí alága ọ̀hún dójú tì mí bó ṣe wù ú, kò ní rí ẹgbẹ̀rún gbà lọ́wọ́ mi.