Wọ́n Fi Ìwé Gba Ẹ̀wà Lẹ́nu Mi

Ẹ gbà mí o. Ẹ̀yin ará Ìbàfò, ará Mòwé, títí dé Ìfọ̀, ẹ bá mi dá sí i. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́rin, ni wọ́n kọ ìwé fún pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀wà mọ́. Babaláwo kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ ìdílé kọ́. Ní ìdílé tiwa, òkété nìkan léèwọ̀ wa, kò sì ni mí lára, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi òkété lọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo ń wí yìí, èèwọ̀ 23 ló kó lé mi lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Inú mi ló fà á. Ó ti tó ọdún méjì tó ti máa ń wú láràárọ̀ bíi gángan tí wọ́n sá sóòrùn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń wọ mọ́tò ní Lotto lọ sí Ọjọ́ta. Bí a bá fi máa dé Kárà, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lórí afárá, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Àwọn àgbà ní isó inú ẹ̀kú, àmúmọ́ra ni. Wọn ò wọ dánfó rí ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Nínú dánfó, gbogbo ọkọ̀ ló ń bá ọ mú un mọ́ra. Kọ́ńdọ́ á pariwo pé, "Ẹ ṣí fèrèsé o, ẹnì kan ti ṣe nǹkan!" Èmi náà á bojú wẹ̀yìn, bí ẹni tó ń wá ọ̀daràn.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ló gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àyẹ̀wò kan wà tó ń sọ gbogbo oúnjẹ tí kò bá ara ènìyàn mu. Ó yẹ kí n fura. Àdúgbò tó ń jẹ́ Lotto ni mò ń gbé, n kò sì jẹ tẹ́tẹ́ rí. A san owó tí ìbá ra àpò ìrẹsì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ti rí òkè òkun kí èmi tó rí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé sórí WhatsApp, a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́ta: pupa, ìyeyè, àwọ̀ ewé. Ohun tó wà ní pupa, má jẹ ẹ́. Ìyeyè, rọra jẹ ẹ́. Àwọ̀ ewé, jẹ àjẹyó. Mo wo pupa: ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹyin, ẹ̀pà, tòmátì, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, mílíìkì. Mo ní háà, ta ló yọjú wo inú ìkòkò mi? Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá yà láti Mòwé, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó dé Ọ̀fàdà, ìlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìrẹsì. Èmi tí mo ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ìrẹsì, òórùn rẹ̀ nìkan ni kí n máa gbọ́.

Àwọ̀ ewé wá ńkọ́? Asparagus. Quinoa. Blueberry. Ẹran àgbọ̀nrín. Mo mú fóònù lọ sí ọjà Lotto, mo fi àwòrán asparagus han ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́. Ó wò ó títí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé ti jẹ̀díjẹ̀dí ni? Ẹ lọ bá ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ."

Wọn ò tiẹ̀ dárúkọ láfún níbi kankan. Wọn ò mọ ewédú, wọn ò gbọ́ nípa irú rí. Ìyá Ìbejì wá ní ohun tí wọn kò bá kà léèwọ̀, ẹ̀tọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi jẹ láfún àti ewédú, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, títí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Ẹ̀gbá. Inú mi kò sì yéé wú.

Àbúrò mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Ó ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa ń jẹ jù lọ?" Mo kà á fún un. Ó fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìwé, pupa ni gbogbo wọn. Ó ní ohun tí wọ́n wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ mi, IgG ló ń jẹ́, oúnjẹ tí ara bá ń pàdé lemọ́lemọ́ ló sì máa ń ṣe é fún. Ẹ̀rí pé mo ti ń jẹ ẹ́ ni. Ẹ gbọ́ o! Mo san owó àpò ìrẹsì kí wọ́n lè sọ fún mi pé mo ti jẹ ìrẹsì.

Ó ní ẹni tó bá jẹ ẹ̀pà tí ètè rẹ̀ wú, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. IgE ló ń bá onítọ̀hún jà, èyí tí tọkọtaya Ishizaka, ọmọ Jàpáànù, ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1966, ọsibítù ló sì yẹ kí wọ́n sáré gbé e lọ. Ṣùgbọ́n irú àyẹ̀wò tèmi yìí, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Yúróòpù tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà ti sọ ní 2008 pé kí ẹnikẹ́ni má fi wá oúnjẹ tí kò bá ara mu. Ti Kánádà tún un sọ ní 2012. Ní 2008! Ọmọ mi àgbà ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ta Lotto lólobó.

Ó wá béèrè ohun tí mo ń fi sínú ikùn kí n tó wọ mọ́tò. Mo ní tíì ni, pẹ̀lú sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta bí owó oṣù bá wọlé. Ó mi orí. Ó ní ṣé mo mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti? Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọmọ Ẹ̀gbá tiwa, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, lásìkò tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá wa láti po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ní 1971, òun àti Norman Kretchmer ará Yunifásítì Stanford, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé iṣẹ́ jáde nínú The Lancet lórí ikùn àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ṣúgà inú mílíìkì mu, wọ́n sì ṣọ́ ọ bóyá ó wọ ẹ̀jẹ̀. Ti Fúlàní darandaran, ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Ti àgbàlagbà Yorùbá, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ọmọ ọwọ́ ni èròjà tó ń fọ́ ṣúgà náà pọ̀ nínú ìfun rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ Yorùbá, èròjà náà á máa kógbá wọlé díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà tí kò fọ́ á wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ á fi ṣe àríyá. Afẹ́fẹ́ àríyá yẹn ni kọ́ńdọ́ ń gbọ́ ní Kárà. Nínú gíráàmù 100 mílíìkì oníyẹ̀fun, ó tó 38 tó jẹ́ ṣúgà yìí. Àríyá ńlá ni mo ń sanwó rẹ̀ láràárọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kí n ju ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n yọ mílíìkì nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa kọ ohun tí mo bá jẹ sínú ìwé kékeré, kí n tún wá mu ún wò. Ní ọjọ́ kẹrin, gángan ti dákẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo mu ife mílíìkì kan lọ́jọ́ Sátidé, nílé, ẹ ṣeun. N kò ní ròyìn ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ó ní wàrà àwọn ìyá Fúlàní kò burú tó bẹ́ẹ̀, torí bí wọ́n bá fi ewé bọmubọmu mú un dì, púpọ̀ nínú ṣúgà náà á bá omi rẹ̀ lọ.

Mo padà lọ béèrè owó mi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní àwọn kì í dá owó padà, ṣùgbọ́n bí mo bá tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn á bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì kò gbà ní tirẹ̀. Ó ní a kò lè san irú owó yẹn ká sọ ìwé nù. Ara fíríìjì ló lẹ̀ ẹ́ mọ́, pupa náà kọjú sí àga tí mo ń jókòó sí jẹun. Ìdí ẹlẹ́wà àgànyìn tó wà létí títì ni mo wá ń sá lọ. Àbúrò mi ti kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀wà náà ní ṣúgà tirẹ̀ tí ìfun ẹnikẹ́ni kò lè fọ́, pé kí a máa rẹ ẹ́, kí a da omi rẹ̀ nù. Ṣé èmi ni mo ń sè é?

Láàárọ̀ àná, mo kọ̀yìn sí títì, mo ń fi búrẹ́dì gbá àwo. Ọkọ̀ kan dúró lẹ́yìn mi. Mo mọ ohùn kọ́ńdọ́ náà kí n tó yíjú.

"Bàbá, ẹ̀wà? Ẹ má wọlé o. Ẹ dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn."