Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ fún Àwọn Tó Ń Yọjú Wo Ẹyin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin aládìẹ ẹ̀yìnkùlé láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ fi àga kan sílẹ̀ fún Ìyá Onífíìdì. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi wúwo ju àpò oúnjẹ adìẹ lọ, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń tà á báyìí.

Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 kà wá ju mílíọ̀nù kan lọ ní Alímòṣọ́. Wọn ò ka adìẹ. Bí wọ́n bá kà á, wọn ì bá mọ̀ pé ìlú ńlá la jẹ́, àti pé ìwà wa ti bàjẹ́.

Kì í ṣe olè jíjà ni mo ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ẹni tó ta àkùkọ kékeré fún ẹnìkejì rẹ̀ ní orúkọ àgbébọ̀. Ọjọ́ tó bá kọ, àṣírí á tú. N kò sì ní sọ ti lúkúlúkú lónìí. Ọyẹ́ á bá ẹni tí kò fún adìẹ rẹ̀ ní àjẹsára sọ̀rọ̀. Yíyọjú wo ẹyin ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo torí rẹ̀ pè yín.

Ọjọ́ 21 ni Ẹlẹ́dàá fún ẹyin adìẹ. Kò sọ pé ogún ọjọ́ àti ààbọ̀ nítorí àlejò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ wo àgbébọ̀ tó ń sàba: kì í dìde àfi kó jẹun, kó mumi, kó yàgbẹ́. Àgógó rẹ̀ ló fi ń yí ẹyin padà, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ pé ọmọ inú lè lẹ̀ mọ́ èèpo bí ẹyin bá fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn jù. Ẹ̀yin onííńkúbétọ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ keje, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ìyẹn dára, kí ẹ rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ta bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, kí ẹ sì yọ èyí tí kò lọ́mọ nínú. Lọ́jọ́ kẹjọ, tọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ pe àna yín wá wò ó!

Láti ọjọ́ 18, a kì í yí ẹyin mọ́, a kì í sì í ṣí íńkúbétọ̀. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣí i rí. Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń ké nínú èèpo, "pí, pí," ó ti lu ihò kékeré. Mo dúró fún wákàtí méjì, àánú ṣe mí. Mo ṣí ìdérí, gbogbo ọ̀rinrin inú rẹ̀ fò jáde, awọ inú ẹyin gbẹ mọ́ ọmọ náà lára bíi lailọ́ọ̀nù. Mo ní kí n bá a bó èèpo. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. N kò mọ̀ pé ìsinmi ló wà: ó lè tó wákàtí 12 sí 24, tí ẹ̀jẹ̀ inú awọ yẹn ń padà wọ ara ọmọ, tó sì ń fa pupa ẹyin sínú. Pupa yẹn ló máa jẹ fún bí ọjọ́ méjì. Òun náà ni àwọn tó ń kó òròmọdìẹ láti Ìbàdàn wá sí Èkó gbójú lé.

Àwọn ará Íjíbítì ti ń pa ẹyin nínú ààrò alámọ̀ láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Ìpénpéjú ni wọ́n máa ń fi ẹyin kàn láti mọ bó ṣe gbóná tó. Ẹ̀yin ní ẹ̀rọ tó ń ka 37.5, ẹ ò sì gbà á gbọ́, ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Àwọn baba wa ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ adìẹ kì í làágùn. Ẹnu ló ń yà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ páánù yín ní oṣù kẹta. Ẹni tó ń làágùn ni...

Kí lẹ ní? Wọ́n ti mú iná lọ? Tèmi pé ọjọ́ 19 lónìí! Ta ló ní epo nínú jẹnẹrétọ̀? Ẹ yà fún mi, ẹ yà fún mi. Rárá, n kò ní ṣí i. Mo kàn fẹ́ gbọ́wọ́ lé ìdérí rẹ̀ ni.