Ẹ̀yin Alárìíwísí, Etí Yín Dà?

Ẹ̀yin alárìíwísí orin nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ojú lẹ sáà ń ṣe, ẹ fi etí sílé.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ olórin Kronos Quartet ni mo ń bá yín sọ: fáolíìnì méjì, fíólà kan, sẹ́lò kan. David Harrington dá a sílẹ̀ ní Seattle lọ́dún 1973, nígbà tó gbọ́ Black Angels, iṣẹ́ George Crumb, lórí rédíò. Ẹ wo ohun tó wọ̀ ọ́ létí o! Àwọn olórin ń pariwo, wọ́n ń ka ení, èjì ní oríṣiríṣi èdè, tó fi dé Swàhílì. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń ha okùn, wọ́n gbé e, wọ́n fi ń ha etí ife olómi. Ẹlòmíì gbọ́ irú ẹ̀, á pa rédíò, á pe pásítọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Harrington ní iṣẹ́ òun dé.

Ẹ̀yin náà gbé gègé yín dé gbọ̀ngàn tí Kronos ti ń ṣeré. Kí lẹ rí? Ẹ rí i pé kò sí kóòtù dúdú onírù. Ẹ rí irun. Ẹ rí iná aláwọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò kún ìwé ìròyìn bí ẹni pé télọ̀ ló kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá fi Purple Haze, orin Jimi Hendrix, dágbére fún èrò, ara àwọn àgbàlagbà kan bù máṣọ. Lọ́dún 1992, àwo orin wọn, Pieces of Africa, jáde, iṣẹ́ Dumisani Maraire ará Zimbabwe, Obo Addy ará Gánà àtàwọn mìíràn, ó sì gun orí àtẹ Billboard. Haà, ó tún tà! Lójú alárìíwísí, ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀.

Kronos, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Morton Feldman kọ String Quartet No. 2, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láìsí ìsinmi. Ẹ ṣèlérí rẹ̀ fún Lincoln Center lọ́dún 1996, ẹ tún wọ́gi lé e, ẹ ní ara ò gbà á. Akínkanjú tó ń ha ife, àga ìjókòó lé e wọlé! Ọdún 1999 ni FLUX Quartet, àwọn àbúrò yín, ta á délẹ̀ ní New York.

Jẹ́jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń ta orin ọ̀hún. Bí alárìíwísí kan bá fi lè hanrun níbẹ̀, tirẹ̀ ló máa ròkè jù.