Ìbọn Tí A Kò Lè Fi Ṣakọ

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣe ìbọn kékeré léèrè: ṣé nítorí èèyàn ni wọ́n ṣe ń ṣe é ni, àbí nítorí àpò? Gbogbo èyí tó bá àpò mi mu ni kò bá ọwọ́ mi mu. Èyí tó bá ọwọ́ mi mu, ṣòkòtò mi kò gbà á. Láti ìgbà tí mo ti ń wá ìbọn ìléwọ́ tí mo lè gbé sára kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, kò sẹ́ni tí kò tíì gbà mí nímọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìmọ̀ràn méjì tó jọra.

Ẹjọ́ mi kò ní ọ̀pọ̀ nínú. Mo ń ta gààrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ládùúgbò Bissonnet, ní Houston. Alẹ́ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, owó ọjọ́ náà a sì wà lára mi títí n ó fi dé ìdí ọkọ̀. Òfin Texas kò dí mi lọ́wọ́. Láti oṣù September 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ká ní òfin le ni, ǹ bá rí nǹkan dá lẹ́bi.

Ẹ dé ilé ìtajà ìbọn wò. Àpótí onígíláàsì gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn, ìbọn tò sínú rẹ̀ lọ súà. Ọmọkùnrin tó ń tajà kò tíì tó àkọ́bí mi, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dé àyà, "boss" ló sì ń pè mí. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Mo ní rárá, èyí tí kò ní yọ lábẹ́ aṣọ ni mo fẹ́. Ó mi orí, ó ní kékeré kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nígbà tó rí i pé ojú mi kò kúrò lára kékeré, ó ní kékeré náà kò burú o, òun gan-an ní méjì. Oníbàárà kan dúró lápá ọ̀tún mi, ó ń yí ìbọn tí wọ́n gbé fún un síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún, ẹnu rẹ̀ sì ń gba orí ikùn mi kọjá lálọ lábọ̀. Wọ́n ní kò sí ọta nínú rẹ̀. Ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sóun lójú? Mo sún sápá òsì. Ọkùnrin náà sún tẹ̀ lé mi.

Kí ẹ tó sanwó, fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní 4473. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ ni ín, bóyá ilé ẹjọ́ ti dá yín lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá rí, bóyá ẹ ń mu igbó. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n orúkọ mi gùn ju ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ fún un lọ. Onírùngbọ̀n gbé tẹlifóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ̀ mí wò bóyá òfin gbà kí n ra ìbọn. Nígbà tó fi parí, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ti mọ orúkọ bàbá mi sórí.

Ẹ ó ní kí n dárúkọ àwọn tí mo yẹ̀ wò. Ó dáa. Ruger gbé LCP jáde ní 2008. Láìsí ọta nínú rẹ̀, kò wọ̀n tó gíráàmù 300, mágásíìnì rẹ̀ sì ń gba ọta mẹ́fà. Ọta .380 ló ń jẹ, èyí tí John Browning ṣe ní 1908. Èèpo rẹ̀ fi mìlímítà méjì kúrú sí ti 9mm tí Georg Luger ti ṣe ní 1902. Lọ́dún tó jáde yẹn náà ni Ruger ní kí àwọn tó ti rà á dá a padà wá fún àtúnṣe ọ̀fẹ́, nítorí ó lè dún fúnra rẹ̀ bó bá já bọ́. Glock 43 dé ní 2015, 9mm ni tirẹ̀, ọta mẹ́fà náà ni. Nígbà tó di 2018, SIG gbé P365 jáde, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọta 10 wọnú rẹ̀. Ọdún kejì, Springfield mú Hellcat wá, ọta 11. Orí ọta kan ṣoṣo yìí ni àwọn ọmọ ilé ìtajà ti ń bá ara wọn jiyàn di ọ̀sán, tí oníbàárà sì dúró.

Àwọn àgbààgbà ní kí n fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, kí n ra revolver, èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bìrí. Irú èyí tí Smith & Wesson ti ń ṣe láti 1950, ọta márùn-ún péré, kì í há, kì í ṣe wàhálà. Mo gbé e. Ìbọn fúnra rẹ̀ kò wọ̀n tó pọ́ùn kan, tírígà rẹ̀ sì ń béèrè agbára bíi pọ́ùn 12 kó tó dún. Ìka kan ṣoṣo ni Ọlọ́run ní kí n máa fi fà á. Kí n tó fà á dé ìdí, ẹnu ìbọn ti kúrò níbi tí mo kọ ọ́ sí, ó ti ń wo ilé ẹlòmíràn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kò sẹ́ni tó ń tà á tí í sọ ìdí tí kékeré fi ń ṣe ségesège. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ni mo ti gbọ́ ọ. Ó tú tirẹ̀ palẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ ń wò wá tìbínú-tìbínú láti kíṣìnnì. Ó ní, "Wo irin òkè yìí. Bí ọta bá jáde, irin yìí á fò sẹ́yìn, á ju èèpo ọta dànù, á tún padà síwájú láti ti òmíràn wọlé." Nínú ìbọn ńlá, irin náà wúwo, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn, àyè wà fún un láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nínú kékeré, irin fúyẹ́, ọ̀nà kúrú, eré rẹ̀ a pọ̀ jù, wọ́n a wá fi sípíríǹgì líle kó o níjàánu. Ọta tó kàn gbọ́dọ̀ gòkè kí irin tó padà dé. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ó há. Bí ọwọ́ tó di ìbọn mú bá dẹ̀, ìbọn lódindi á bá irin náà sún sẹ́yìn, irin kò ní dé ibi tó yẹ, ó há. Bí ọta olówó gọbọi tí imú rẹ̀ ní ihò bá fi imú yẹn kọ́ ẹnu ọ̀nà, ó há.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo gan-an ni kì í há?"

Ó ní, "Bó bá wà nínú dúrọ́ọ̀."

Ó tún wá sọ ti ọta. Lẹ́yìn ìjà ìbọn Miami ní oṣù April 1986, níbi tí wọ́n ti pa òṣìṣẹ́ FBI méjì, FBI gbé ìlànà kalẹ̀ pé ọta tó bá máa dára gbọ́dọ̀ wọlé tó ínṣì 12 sí 18 nínú jẹ́lì kan tó rí bí ẹ̀kọ tútù. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kúrú kì í fún ọta ní eré tó. Èyí tó yẹ kó ṣí imú nígbà tó bá wọlé lè ṣàì ṣí rárá. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ ra oríṣi mélòó kan wò, ogún ọta nínú páálí kan, owó rẹ̀ sì ju ti àádọ́ta ọta tí à ń fi dánra wò lọ. Wọ́n ní kí n yin bí 200 kí n tó gbọ́kàn lé e. Ẹni tó ń ta gààrí ni wọ́n ń bá sọ bẹ́ẹ̀! Bẹ́ẹ̀, ìbọn ńlá ń rọra tì yín lọ́wọ́ ni, kékeré ń gbá yín. Èyí tó rọrùn láti gbé ni kò rọrùn láti yìn, gbogbo wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba owó mi.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìbọn ti dára. Ibo ni mo fẹ́ gbé e sí? Gbogbo ẹni tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, jíǹsì ló wà nídìí rẹ̀ àti bẹ́líìtì tó ki bí ìka. Wọ́n ní iwájú ìbàdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, ló dára jù. Èmi bùbá àti ṣòkòtò onírọ́bà ni mo ń wọ̀ lọ sóde. Bí mo bá fi ìbọn kọ́ rọ́bà yẹn, a jọ ń sọ̀kalẹ̀ ni. Agbádá lè bo ìbọn lóòótọ́, ó lè bo ẹni tó ṣe ìbọn pàápàá, ṣùgbọ́n ta ló ń wọ agbádá tí kò ní ká a lé èjìká? Ìgbàkígbà tí mo bá ká a, ìbàdí mi wà níta gbangba.

Ní òde ìsìnkú kan báyìí, gbọ̀ngàn tí kò sí àmì ìdènà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo gbé e dání. Òfin kò gbà kí ẹni tó gbé ìbọn mu àmupara, nítorí náà mo fọwọ́ lé omi ìgò. Bàbá olóyè kan wọlé, ẹni ọgọ́rin ọdún dáadáa, ó sì dúró níwájú mi gan-an. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò wo bàbá lójú pé, "Ẹ káalẹ́ sà, ẹ má bínú, nǹkan wà ní ikùn mi tí kò jẹ́ n dọ̀bálẹ̀"? Mo fi ọwọ́ kan kan ilẹ̀. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀, ó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ọmọ ta nìyí?" N kò mu, n kò dọ̀bálẹ̀, n kò ká agbádá lé èjìká. Kí ni mo wá ṣe níbẹ̀?

Wọ́n ní kí n gbé e sápò ṣòkòtò nígbà náà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀ tó bo tírígà pátápátá, kí nǹkan kan má bàa ràn án fà. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọ́dọ̀ bá a gbé. Owó wẹ́wẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá a gbé. Obì tèmi ńkọ́? Ọjọ́ tí mo tú u láti nù ún, èérún obì wà ní ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú òwú àpò, òógùn oṣù August sì ti fi ìpẹtà pupa sí ẹ̀gbẹ́ irin tí wọ́n búra fún mi pé kì í dógùn-ún.

Ẹ tún wo ibi tí n ó gbé e dé. Ilé ẹ̀kọ́, rárá. Ilé ẹjọ́, rárá. Ibùdó ìdìbò, rárá. Ilé ọtí tó jẹ́ pé ọtí ló ń mú ju ìdajì owó rẹ̀ lọ wọlé, wọ́n lẹ 51% pupa mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì ni ilé tirẹ̀ lè gbé àmì 30.05 kọ́ ẹnu ọ̀nà, lẹ́tà tó ga tó ínṣì kan ó kéré tán, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Spain, pé kí ẹni tó gbé ìbọn má wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé e kọ́. Ilé ìfowópamọ́ tí mo ń kó owó lọ, tí mo tìtorí owó náà ra ìbọn, gbé e kọ́. Kí n fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni? Àwọn tó ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀ kò fẹ́ nǹkan méjì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni, ní Ìgbò-Ọrà. Ṣákábùlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó òun fúnra rẹ̀, èjìká ló sì ń wà. Gbogbo ìlú ló ń rí i, ọmọdé á sáré tẹ̀ lé e, ó ń fi bọ Ògún, wọ́n ń yìn ín sókè níbi òkú ọdẹ. Èmi ná owó tó lé ní 500 dọ́là, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ọmọ Ìgbò-Ọrà wo ló ń ra nǹkan olówó tí aládùúgbò kò ní rí?

Ìyàwó mi, tí n kò pè sí ọ̀rọ̀ náà rárá, bá mi lọ síbi ìdánrawò. Kò lè fa irin òkè kékeré tèmi sẹ́yìn, sípíríǹgì yẹn ni. Olùkọ́ wá gbé EZ fún un, èyí tí Smith & Wesson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 2018 fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò le. Ó tóbi ju tèmi lọ, kò sì há fún un. Ó ní òun fẹ́ gba ìwé àṣẹ bí òfin kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀ mọ́, nítorí ìpínlẹ̀ mìíràn tó máa ń lọ. Àádọ́ta ọta ni wọ́n ń yìn níbi ìdánwò, láti yáàdì 3, 7 àti 15. Ẹni tó bá gba máàkì 175 nínú 250 ti yege. A jọ yìn ín. Ẹ má bi mí ta ló ga jù. Ní báyìí, nígbà tí èmi ń wá ibi tí n ó fi tèmi kọ́ lára aṣọ òkè, òun ti rí báàgì aláwọ tó ní ihò ìkọ̀kọ̀ fún ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó báàgì ju owó ìbọn lọ. Lánàá ó ní dúdú wà, pupa náà wà, èwo ló dára jù lójú mi. Mo ní dúdú. Ó ní ó dáa, kí n san ti dúdú, owó pupa ti kúrò lórí káàdì mi.