Abéèrè Kì í Ṣìnà, Ṣùgbọ́n Ta Lẹ Bi?

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ènìyàn ni wọ́n ní lọ́kàn pé a ó máa bi: ìyá alágbo tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bàbá tó ń gbatẹ́gùn níwájú ilé, ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ tó ń fẹsẹ̀ gbá agolo lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ Èkó yóò ti gíláàsì ọkọ̀ pa, yóò tan amúlétutù, yóò sì máa bi dáṣíbọ́ọ̀dù léèrè ọ̀nà Lafiaji ní Lagos Island. Bẹ́ẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀hún, Jámánì ló ti gbọ́njú.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ fún wa. Alágbàtà á kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á búra pé ìyá arúgbó kan ló ń fi ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan. Á wá tẹ bọ́tìnnì kan, ojú ẹ̀rọ kékeré tó wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù á sì tàn. “Ẹ̀gbọ́n, nafigéṣọ̀n wà nínú ẹ̀ o. Orijínà ni, ti kọ́ńpìnnì gan-an.” Owó á gorí owó. Ẹ̀gbọ́n kò bi í pé ibo ni nafigéṣọ̀n náà mọ̀. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Bamgbose, tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ náà ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo ti jókòó nínú irú rẹ̀ kan rí, a ń ti Obalende bọ̀ ní Lafiaji. Obìnrin inú ẹ̀rọ ń sọ èdè Jámánì, kò sinmi. Lójú ẹ̀rọ, ọfà pupa tó dúró fún ọkọ̀ wa wà láàárín òfìfo: kò sí òpópónà, kò sí ilé, kò sí ọ̀sà, kò sí orúkọ kankan. Àwa ń wo èrò ọjà Sandgrouse, ẹ̀rọ ń wo aginjù. Ẹ̀gbọ́n tó wà nídìí sítíárì ní ká fara balẹ̀, pé ó ṣì ń wá sátẹ́láìtì. Sátẹ́láìtì kọ́ ló ń wá, ó ti rí ìyẹn tipẹ́. Jámánì ló ń wá. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ohun tí alágbàtà kò sọ fún ẹ̀gbọ́n nìyí. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé sójú òfuurufú, tí wọn kì í fẹ́ kó dín ní 24, wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Ohun tí wọ́n ń kéde fún ẹ̀rọ kò ju aago àti ibi tí àwọn fúnra wọn wà lọ. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ á gbọ́ ohùn mẹ́rin, ó kéré tán, á wo bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á sì fi ìyẹn ṣírò ibi tó wà. Nọ́ńbà lásán ni ìdáhùn tó ń rí. Bóyá ilẹ̀ ni àbí omi, bóyá Bamgbose ni wọ́n ń pè é àbí Igbosere, bóyá wọ́n-wéè ni, sátẹ́láìtì kò mọ ọ̀kankan níbẹ̀. Inú àwo DVD tí wọ́n kì bọ abẹ́ ìjókòó tàbí bùùtù ni ìmọ̀ yẹn wà, àwọn ayamáàpù tó wa ọkọ̀ kiri ìlú, tí wọ́n ń ka àmì ojú ọ̀nà, ni wọ́n sì kó o jọ.

Abéèrè ni ẹ̀rọ náà pàápàá, nígbà náà. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè. Ó béèrè nílùú àwọn tó ṣe é, lọ́dún tí wọ́n ṣe é, ó pa àwo dé, ó sì pinnu pé òun ò tún ní bi ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ náà ń bẹ láàárín wa, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í tàn lálẹ́.

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹ̀rọ yìí ní ìgbà tirẹ̀. Lọ́dún 1981, Honda ti gbé ọ̀kan jáde ní Japan tí kò gbẹ́kẹ̀ lé sátẹ́láìtì rárá. Lọ́dún 1990, Mazda fi ẹ̀rọ tó ń lo GPS sínú Eunos Cosmo. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà dẹ́kun àbùlà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ bù sí ohùn tí ará ìlú ń gbà, ọkọ̀ olówó ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ òpópónà tó wà yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tuntun ní Munich lọ́dún 2005, ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó san àfikún owó lé e lórí lónìí ní Èkó nítorí àwo kan náà, ẹ fún un lórúkọ tó bá wù yín. Ṣé ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2022? Aago inú ọ̀pọ̀ Honda àti Acura tó ní nafigéṣọ̀n, tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2012, sáré padà sí ọdún 2002, wọ́n sì ń tún un sọ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 ń búra pé 2002 la wà. Wọn ò tíì bí i, ó ti ń júwe ọ̀nà.

Àwọn kan á ní ìdí nìyẹn táwọn fi fẹ́ràn alágbèéká, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. TomTom ti ilẹ̀ Netherlands gbé GO jáde lọ́dún 2004, àwọn èèyàn wa tó wà ní London náà sì mọ adùn rẹ̀. Ohun kan ló fi ju ti dáṣíbọ́ọ̀dù lọ: ó ṣeé yọ. Olè náà mọ̀ pé ó ṣeé yọ. Ní Britain, ó di dandan kí ọlọ́pàá máa kìlọ̀ fáwọn onímọ́tò pé kí wọ́n nu àmì róbótó tí rọ́bà tó fi ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ń fi sílẹ̀, torí bí olè bá ti rí àmì yẹn, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ wà nítòsí. Ẹni tó sì gbé e wálé láì kó máàpù ibí sínú rẹ̀, aginjù ẹ̀gbọ́n náà ló gbé wálé, kàn jẹ́ pé tirẹ̀ ṣeé kì sápò.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Google kó ìjúwe ọ̀nà sínú fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, àríyànjiyàn dáṣíbọ́ọ̀dù àti alágbèéká sì parí. Lónìí, àwọn ọmọ tó ń sáré tajà nínú gosiló kì í ta máàpù, ohun tí wọ́n ń fi gbé fóònù dúró ni wọ́n ń tà. Fóònù ṣe dáadáa, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, torí pé kò jáwọ́ nínú ìbéèrè. Gosiló pupa tí ẹ ń rí lójú rẹ̀ lórí Third Mainland, fóònù àwọn tó ti há síbẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Nínú oṣù Keje ọdún 2019, Google fún un ní ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà, wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀nà dáńfó Èkó, wọ́n tún kọ́ ọ bí ọlọ́kadà ṣe ń gba kọ̀rọ̀. Nígbà tó máa di ọjọ́ Kìíní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ ti lé ọ̀kadà kúrò ní Lagos Island. Ọgbọ́n yẹn ò lò tó oṣù méje. Èkó ò gba gbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo Lafiaji lọ́jọ́ Sátidé. Arákùnrin kan gbé tòkunbọ̀ rẹ̀ wọ òpópónà Tokunbo. Fóònù ní kó máa lọ tààrà, ó ku 200 mítà. Níwájú rẹ̀, kánópì ti dí ọ̀nà láti gọ́tà dé gọ́tà, onílù ń yẹ awọ wò, ìkòkò ọbẹ̀ sì wà lórí iná níbi tí táyà rẹ̀ ìbá gbà. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó tún fóònù tẹ̀. Fóònù ní tààrà ni. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wá kan gíláàsì.

“Bọ̀dá, ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Ó ń mú mi lọ.”

“Ta ló ń mú yín lọ?”

Arákùnrin nàka sí fóònù. Fọkanáísà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó mi orí.

“Ó gbìyànjú o. Ṣé ó sọ fún yín pé ìnáwó ìyá àgbà ilé yẹn ni wọ́n ń ṣe lónìí? Àná ni wọ́n ti gbé kánópì wá. Ẹ fi rìfáàsì, kí ẹ bá Igbosere yọ.”

Sátidé lásán nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ àríyá fàǹtí, tí Lafiaji, Campos, Epetedo àti Okepopo kó aṣọ aláràbarà jáde, ẹ lọ béèrè wọ́n-wéè lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí ẹṣin. Bó bá jẹ́ ọjọ́ eégún Ẹ̀yọ̀, irú èyí tó jáde ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2017, aláṣọ funfun ló ni títì láti Ìdúmọ̀tà dé Tafawa Balewa Square, ọ̀pá tó mú dání sì rọrùn láti kà ju máàpù lọ.

Mi ò sọ pé ènìyàn kì í ṣini lọ́nà. Àgbàlagbà Ìsàlẹ̀ Èkó kan á ní kí ẹ gba Victoria Street, ẹ ó wá a títí, torí Nnamdi Azikiwe ló wà lára pátákó. Ẹlòmíràn kò mọ̀nà rárá, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀, á ní “ẹ ṣá máa lọ síwájú, ẹ ó rí i.” Síbẹ̀ ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ á sọ fún yín, ẹ ó sì bi ẹlòmíràn. Ohùn ẹ̀rọ kì í yí padà: bó ṣe ń sọ òótọ́ náà ló ń ṣìnà.

Kí ló dé tí a kò wá fẹ́ bi fọkanáísà? Ìkíni ni owó ìbéèrè nílẹ̀ wa. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀, kí atẹ́gùn tútù jáde, kí ẹ ní “ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá,” kí ẹ sì gbà níṣojú ìyàwó àti ọmọ pé ẹ kò mọ̀nà. Owó tí a kò fẹ́ san gan-an nìyẹn. Ọ̀kẹ́ àìmọye náírà la lè kó lé alágbàtà lọ́wọ́ kó má bàa di pé a kí ẹni tí gíríìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 ní ìjọba lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ wọ́n-wéè. Ẹ lọ sọ fún òṣìṣẹ́ LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó, pé ẹ̀rọ ló ní kí ẹ wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa kọ orúkọ yín sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún lọ wo ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí alágbàtà tẹ bọ́tìnnì, tí ó ní nafigéṣọ̀n wà nínú ẹ̀, ẹ ní kó wá Lafiaji jáde lójú rẹ̀. Bí kò bá rí i, ẹ yọ owó ẹ̀rọ kúrò nínú owó ọkọ̀, kí ẹ fi ra táyà tuntun sí bùùtù. Ibi yòówù kí ẹ̀rọ já yín sí lálẹ́, fọkanáísà ló ṣeé ṣe kí ẹ bá níbẹ̀, á sì kọ́kọ́ bi yín pé ṣé ẹ ní sípíà.