Ìbéèrè Lọ́yà

Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á rò pé òun ni yóò máa bi lọ́yà ní ìbéèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lọ́yà ló máa kọ́kọ́ béèrè: níbo lẹ ti rí owó àsansílẹ̀? Òun kan náà ló sábà máa ń ṣojú báǹkì tó ń yá yín lówó.

Bó bá jẹ́ àjọ lẹ kó, ẹ múra àlàyé sílẹ̀. Bó bá jẹ́ màmá ló fún yín, màmá gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè, òun ò sì ní ìpín nínú ilé náà. Màmá á fọwọ́ sí i kíá. Báǹkì ò ṣáà béèrè yàrá tí màmá ti yàn sílẹ̀ fún ara wọn.

Ìgbà wo lẹ máa kó wọlé? Lọ́yà ní kí ẹ ṣe sùúrù, òun ṣì ń wádìí bóyá òfin àtijọ́ ní kí onílé náà máa dáwó àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ò lọ rí.

Títí ẹ ó fi pààrọ̀ ìwé àdéhùn, ẹni tó ń talé lè yẹhùn. Owó ìwádìí tí ẹ ti san nìkan ni kì í yẹhùn: ó ti lọ nìyẹn.